Ìdúpẹ́ tí Mo Dá Ṣe

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni mo gboyè jáde ní yunifásítì, mo sì padà sílé àwọn òbí mi ní Bódìjà láti máa wá iṣẹ́. Ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí. Bí ẹnìkan bá wò mí pẹ́ díẹ̀, màá ti máa ronú ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé agídí ló wù mí ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni wọ́n ń pè ní lọ́jíìkì: bí a bá gba ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, kí ló di dandan ká gbà tẹ̀lé e? Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà wa ń kọ́ àwa ọ̀dọ́ ìjọ. Ó ní òun fẹ́ fi làákàyè nìkan mú ẹ̀rí wá pé Ọlọ́run wà, láìṣí Bíbélì.

“Gbogbo ohun tó wà ló ní ẹni tó dá a. Ayé wà. Nítorí náà, ayé ní ẹni tó dá a, Ọlọ́run sì ni. Ẹni tó bá lè já a ní koro, kó dìde!”

Mo dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ọlọ́run náà wà, àbí?”

“Ó wà!”

“Ta ló wá dá a?”

“Kò sẹ́ni tó dá Ọlọ́run.”

“A jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ló ní ẹni tó dá a, sà. Gbólóhùn yín àkọ́kọ́ ti wó nìyẹn.”

“O ń sọ pé Ọlọ́run ò sí?”

“Rárá o, sà. Bí ẹnìkan bá kúrò ní Bódìjà níbí, tó ní Dùgbẹ̀ lòun ń lọ, tó wá kọrí sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, mo lè sọ fún un pé kò ní í dé Dùgbẹ̀. Mi ò sọ pé Dùgbẹ̀ ò sí.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Wòlíì Dùgbẹ̀!” ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kárí àdúgbò pé ọmọ ọ̀gá ní Ọlọ́run ò sí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e gan-an la sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ oyè mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹbí ń ti oko bọ̀. Ìyá mi ti yan orin tí a máa jó dé iwájú pẹpẹ. Àlùfáà ránṣẹ́ pé kí n kọ́kọ́ sọ fún ìjọ pé ẹ̀rí òun pé pérépéré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdúpẹ́.

“Gbólóhùn kan péré ni,” bàbá mi wí. “Sọ ọ́, ká jó, ká lọ jẹun.”

“Irọ́ ni yóò jẹ́, sà.”

“Irọ́ pé Ọlọ́run wà?”

“Irọ́ pé ẹ̀rí yẹn fi hàn bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé torí ìyàtọ̀ yìí la ṣe rán ẹ nílé ìwé?”

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n gbó o lẹ́nu lọ. Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o gbà pé Ó wà?”

“Mo ń gbàdúrà, Màmá. Mi ò kàn ní ẹ̀rí ni.”

Ó mí kanlẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a tò sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì, èmi níwájú, ẹbí lẹ́yìn mi. Àlùfáà ní kí n sọ̀rọ̀.

“Ọlọ́run ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,” mo wí. “Ẹ̀rí àlùfáà wa kò pé. Mi ò lè fi irọ́ dúpẹ́.”

Ariwo sọ. Àlùfáà pa ìwé rẹ̀ dé. “Ẹ padà sí àyè yín.”

Bàbá mi kọ́kọ́ yípadà. Àwọn ará oko tẹ̀lé e. Ìyá mi dúró díẹ̀, òun náà sì lọ jókòó. Èmi kò lọ. Mo rìn dé iwájú pẹpẹ, mo kúnlẹ̀. Àlùfáà ní kí wọ́n kọ orin tó kàn, wọ́n sì kọ ọ́ sókè gidi kí n lè dìde. Mo dúpẹ́ tèmi tán kí n tó dìde.