Agolo Tó Pe Bàbá Mi

Títí di òní, bí òórùn agolo mílíìkì tó ti ṣófo bá kan mí nímú, àyà mi á já.

Ìyá mi ń ṣe opó bàbá mi, tó máa ń pè ní Alhájì, nígbà náà. Kì í jáde nínú yàrá, a ò sì rí i kó sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi lu ihò sí ìdí agolo méjì, ó fi òwú so wọ́n pọ̀, ó ní ohùn máa gba ibẹ̀ wá. Ó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé ìyá wa. Èmi di ìkejì mú sétí ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lókèèrè, ó ti ń lé ewúrẹ́ kiri. Lójijì ni agolo gbọ̀n létí mi.

"Alhájì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ń wo sìmẹ́ńtì tútù orí sàréè náà, ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi máa dáhùn.

Òwú tó bá dẹ̀ kì í gbé ohùn. Ìyá mi ló fà á le.

Mo da ojú agolo náà dé orí sàréè, mo sì sá lọ.