Ọwọ́ Ọkọ Mi Nínú Fídíò

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ló fi fídíò náà hàn mí. Àwọn ọmọ ti jáde lọ jẹun, àwa díẹ̀ la kù nínú yàrá àwọn tíṣà. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ohun tí àwọn ẹranko yìí ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe." Kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni ọkọ mi. Mi ò fi pamọ́ fún un, ọ̀rọ̀ náà kàn ò délẹ̀ láàárín wa rí ni.

Ọ̀nà Ìbàdàn ni wọ́n ti ya fídíò náà. Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akérò, ó fi báàgì láàpútọ́ọ̀pù kọ́ èjìká. Ọlọ́pàá kan tó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń ya fídíò ní kó ṣí fóònù rẹ̀ kóun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ẹ fi fẹ́ wo fóònù mi?" Kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Ọlọ́pàá náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ọmọ náà tún bèèrè. Ló bá fọ́ ọ létí. Báàgì bọ́ sílẹ̀, obìnrin kan kígbe nínú ọkọ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá yẹn wá rí i pé wọ́n ń ya òun, ó yíjú, ó na ọwọ́ láti gba fóònù, ojú ọkọ mi sì kún inú fídíò náà bámúbámú.

Mo ti mọ̀ kó tó yíjú. Ta ni kì í dá ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ mọ̀, ẹ̀yìn tí mo máa ń wò láràárọ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́?

Tíṣà ìṣirò fẹ́ tún un fi hàn mí, mo ní mo ti rí i. Agogo lù, mo kó ìwé mi, mo wọ kíláàsì lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara ló yẹ kí n kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Mo kọ́ wọn. Títí dòní mi ò rántí gbólóhùn kan tí mo sọ níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọkọ mi, ọmọ Ìkìrun lèmi. Ifẹ̀ la ti pàdé, nígbà tí wọ́n gbé e wá sí tẹ́ṣàn kan níbí tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà. A rẹ́ǹtì fúláàtì kan ní ìhà Mayfair, àwa méjèèjì nìkan là ń gbé ibẹ̀, torí Ọlọ́run ò tíì fún wa lọ́mọ. Ọkọ mi kì í ṣe aláriwo. Òun ló ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó máa ń bá mi rẹ́ ilá ní Sátidé, á máa rọra sọ ìtàn ibi iṣẹ́ fún mi. Àtìgbà tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́wọ́ sókè sí mi rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tètè dé. Ó ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù kó tó kúrò ní tẹ́ṣàn. Mo wà ní kíṣìnnì, ẹ̀wà ń hó lórí iná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O ti rí i," ló wí.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Kí ni ọmọ yẹn ṣe?"

Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Kò ṣe nǹkan kan. Àtàárọ̀ la ti wà nínú oòrùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ Yàhúù ń gba ọ̀nà yẹn, ká máa wò wọ́n dáadáa. Ó ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn èrò ọkọ̀ ń wò mí. Ọwọ́ mi ti lọ kí n tó mọ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé wọ́n ti ní kí ẹ má yẹ fóònù ẹnikẹ́ni wò mọ́ lójú ọ̀nà?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á fún wa láàárọ̀ nígbà tí a tò sórí ìlà."

Mo fẹ́ kó sọ pé ọmọ náà bú òun, tàbí pé wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà kúrò. Mo fẹ́ ohun kan tí mo lè rọ̀ mọ́. Ó tẹrí ba, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Òórùn ẹ̀wà tó ń jó ló jẹ́ kí n yíjú sí iná.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ pè é sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Òṣogbo. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó wà lọ́dọ̀ àwọn títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó di aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó lọ.

Fídíò náà ti dé fóònù gbogbo àwọn ayálégbé tí a jọ wà nínú ilé náà. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé e sórí Wasáàpù àwa ayálégbé, ó sì yára pa á rẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí i pé wọ́n pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé òkè, tí àwa méjèèjì máa ń jọ lọ sí Sábó lọ ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan pín, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láì dúró. "Ẹ kú àárọ̀ o," ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti kọjá kí n tó dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò bú mi. Ì bá ṣe pé wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká rántí ìdílé kan nínú àdúrà. Gbogbo èèyàn dijú, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n lọ sílé wọn. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan rédíò sí pálọ̀, kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn láti yàrá. Mò ń se oúnjẹ èèyàn méjì, torí ọwọ́ mi ò tíì kọ́ ti ẹnì kan. Mo sì ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kà á. Ẹnì kan gbàdúrà pé kí ọwọ́ yẹn rọ. Àìmọye èèyàn ló ṣe àmín sí i. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ọwọ́ tó ń rẹ́ ilá nílé mi ni wọ́n ń sọ. Mi ò lè bá wọn ṣe àmín, mi ò sì lè sọ pé wọn ò gbọdọ̀ bínú.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Mo rò pé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé. Ọlọ́pàábìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Mà, ọ̀rọ̀ abẹ́lé wa ni, kò sáyè fún ẹbí." Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá kan ti jókòó síbẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá àǹkárá, ó gbé ike omi àti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó sún fún mi.

"Ṣé ìwọ náà lẹ́jọ́ níbí ni?"

"Mò ń dúró de ẹnì kan ni, mà."

"Èmi náà. Ọmọ mi ló wà nínú ilé yẹn. Ọlọ́pàá kan fọ́ ọ létí lójú ọ̀nà, wọ́n ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀."

Ó bu búrẹ́dì sí méjì, ó na ìdajì sí mi, mo gbà á torí pé àgbà kì í na nǹkan síni kéèyàn má gbà á. Ó ní Modakeke lòun ń gbé, ìrẹsì lòun ń tà. Ó ní ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní yunifásítì, ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, etí rẹ̀ òsì ń hó, kò sì fẹ́ wọkọ̀ mọ́ tí òun ò bá bá a lọ.

"Láti kékeré ló ti ń bèèrè 'kí ló dé, kí ló dé,'" ló wí. "Bàbá rẹ̀ á ní ẹnu ọmọ yìí á kó bá a. Èmi á ní ẹ fi í sílẹ̀, orí pípé ni. Ní báyìí, tí mo bá ní kó gbé nǹkan, á kàn gbé e ni. Kì í bèèrè nǹkan kan mọ́."

Mo lè dákẹ́. Kò bá má mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

"Mà," mo ní, "ọkọ mi ni ọlọ́pàá náà."

Ó mú ike omi tó wà láàárín wa, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Àwọn ọlọ́pàá ń kọjá níwájú wa.

"Ṣé ó máa ń nà ẹ́?" ló bi mí.

"Rárá, mà. Kò nà mí rí."

"Kò nà ẹ́ rí." Ó mi orí. "A jẹ́ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ara ẹni níjàánu. Kí ló dé tí kò kó ara rẹ̀ níjàánu fún ọmọ tèmi?"

Mo ní kó má bínú. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo fọ́ ọ létí." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Jẹ búrẹ́dì rẹ."

Ọmọ náà jáde. Ó ga, ó tínrín, ojú rẹ̀ ò jọ ti inú fídíò. Ìyá rẹ̀ pè é, ó sì kọ etí ọ̀tún sí i kó lè gbọ́. Wọ́n jọ lọ sí ẹnu géètì. Ìyá náà ò sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kàn mi.

Wọ́n jẹ́ kí n rí ọkọ mi níwọ̀nba. "Mo sọ òtítọ́," ló wí. "Mo ní ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wọn ò lé e kúrò níṣẹ́. Wọ́n rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú kan lókè Ọya, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan lódidi. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè mí, wọ́n ní wọ́n fìyà jẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Nítorí ìfọ́tí kan ṣoṣo, mà!" Mi ò lè bá àwọn náà gbà. Àwọn tó ń bú u ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń gbè é ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ibi tí mo dúró sí, mi ò rí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ó sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ní wọ́n máa fún àwọn ní kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà. Ó ní, "Ká ní ó wà láyà mi lọ́jọ́ náà, mi ò bá má nà á."

Inú bí mi. "Àfi tí nǹkan bá ń wò yín?"

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Òun gan-an ni mò ń bi ara mi."

Ní Kérésì tó kọjá, wọ́n fún un láàyè, ó wálé. Ó ti rù. Ó tún nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ṣe, ó gbá gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bàtà, ó ní òun ń lọ sí Modakeke lọ bẹ ìyá náà tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró, ó padà wá jókòó.

"Tí mo bá lọ, ara tèmi ni mo fẹ́ lọ tù," ló wí. "Ara ìyá yẹn ò ní tù ú."

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ tàbí ẹ̀rù ló bà á. Mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo kó bàtà náà wọ yàrá.

Mo sìn ín lọ sí gáréèjì nígbà tí àyè rẹ̀ parí. Ọkọ̀ pẹ́ kó tó kún. Ó ní kí n ra gáàsì kó tó tán. Mo ní màá rà á. Ọkọ̀ gbéra, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé, mo ká aṣọ tí mo sá sórí okùn, mo sì wọ ilé lọ.