Orin tí Radim kọ́ Hùmúàní

Láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin, tí ẹni tó bá bínú kúrò níbi kan láàárọ̀ lè ríṣẹ́ mìíràn kí ọ̀sán tó pọ́n, Hùmúàní ń to ike ìpara sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Damastown. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ìyàwó Kabir. Wákà ló fi dàgbà nílé wọn, nítorí náà ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ orin, ohùn rẹ̀ a sì máa borí ariwo ẹ̀rọ.

Ohùn yẹn ló mú Radim sún mọ́ ọn. Ará Ṣẹ́ẹ̀kì, ní ilẹ̀ Yúróòpù, ni Radim, ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó ní gìtá lòun fi ń jẹun nílùú òun kóun tó wá sí Ireland. Ó ní, “Wá, jẹ́ n kọ́ ẹ lórin wa.”

Hùmúàní kò gbọ́ nǹkan kan nínú èdè náà, àmọ́ orin ọ̀hún dùn. Kò pẹ́ tó fi mọ ègbè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, Radim á ní kó dìde kó kọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ wá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Hùmúàní rò pé bóun ṣe ń pe èdè wọn ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, inú tirẹ̀ náà á dùn. Ó gbé orin náà délé, Ikram ọmọ rẹ̀ sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń wọ bàtà ilé ìwé.

Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Jolana wà níbi oúnjẹ. Ará Ṣẹ́ẹ̀kì lòun náà, àmọ́ ẹ̀yà Roma ni, àwọn tí ara wọn ṣókùnkùn ju tàwọn yòókù lọ. Bí Hùmúàní ṣe kan ègbè, Jolana gbé abọ́ sílẹ̀, ó jáde. Hùmúàní tẹ̀ lé e.

“Kí ni mo ṣe?”

“Ṣé o mọ ohun tó ò ń kọ?”

“Rárá.”

Jolana wo ojú rẹ̀ títí kó tó gbà á gbọ́. “O ní: Ẹ kó àwọn dúdú sínú ọkọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ dá wọn padà fún ọ̀bọ tó bí wọn.”

 Jolana ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní Radim àtàwọn onígìtá ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fárí kodoro nígbà kan, bíi tàwọn ọmọ ìta tó kórìíra ẹ̀yà mìíràn. Wọ́n á kọrin tán, àwọn ọmọkùnrin tó wá gbọ́ ọ á lọ fọ́ fèrèsé àwọn Roma. Wọ́n fọ́ ti bàbá òun. Nígbà tí ọlọ́pàá mú un, ó dá irun sí, ó ní orin ìfẹ́ ìlú lòun ń kọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó fún un ní gbọ̀ngàn mọ́ ló bá ṣí wá.

“Àwa ni dúdú tó ń bá wí nígbà tó ṣe orin yẹn,” Jolana sọ. “Kò tíì rí irú tìrẹ rí.”

 Hùmúàní lọ fi omi yọ ẹnu léraléra, bí ẹni tó ṣèèṣì jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Radim.

“Ọ̀bọ tó bí mi, ibo lo ti mọ̀ ọ́n?”

Ojú Radim pọ́n, ó tún rẹ́rìn-ín. “Craic ni, eré lásán. Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí. Ìwọ ń ṣiṣẹ́.”

Ẹ̀rín yẹn kó o nírìíra ju orin lọ. Ó fẹjọ́ sun ọ̀gá wọn, ìyẹn sì ní kí wọ́n má da òun láàmú, pé orin kì í pààyàn. Nílé, ó ní kí Ikram má kọ ọ́ mọ́. “Why, Mam? What does it mean?” Hùmúàní kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ.

Lọ́sàn-án Sunday, Radim fẹ́ ṣeré ní ilé ọtí kan nítòsí. Hùmúàní ní òun máa lọ.

“Ilé ọtí kẹ̀?” Kabir fò dìde. “Ìyá Ikram, ṣé orí ẹ pé?”

“Bàbá Ikram, ọmọ yín ń fẹnu ara rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ lọ́mọ ọ̀bọ. Kí n jókòó, àbí?”

Kabir wọ kóòtù rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gbé Hùmúàní àti Jolana lọ, òun dúró síta.

Àwọn ará Ṣẹ́ẹ̀kì wà níwájú, àwọn ará Ireland wà nídìí ọtí, wọ́n ń mirí sí orin tí wọn ò gbọ́. Bí Radim ṣe dé ègbè, Hùmúàní dìde tòun ti ìborí rẹ̀, ó fi ohùn wákà gbé e lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí Jolana ṣe túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tó ń mirí ṣíwọ́.

“Ṣé ohun tó ò ń kọ nínú ilé mi nìyẹn?” obìnrin tó ni ilé ọtí bi Radim.

Radim ní orin ìlú òun ni. Obìnrin náà fa wáyà iná yọ, ó ní kó gbé gìtá rẹ̀ kó jáde. Ẹnì kan da ọtí lu Hùmúàní, ó ṣàn láti orí ìborí dé ẹsẹ̀. Kabir sáré wọlé, ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀ fún un.

Radim kò tún ríbi ṣeré ní Dublin mọ́, ó padà sílé. Ṣùgbọ́n Jolana ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Radim ti ń wọ súùtù. Ó yọ ọ̀bọ kúrò nínú orin, ó fi àjèjì rọ́pò rẹ̀, gbọ̀ngàn ńláńlá ń kún, àwọn olóṣèlú ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó sọ fún oníròyìn pé òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, pé ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Ireland, obìnrin dúdú, tó fẹ́ràn orin òun débi pé ó máa ń kọ ọ́ fóun.

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Adamstown, ládùúgbò Hùmúàní, ni Jolana ti sọ èyí fún un. Hùmúàní tutọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Obìnrin kan wò ó tẹ̀gbin-tẹ̀gbin. Hùmúàní kò tọrọ àforíjì.