Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Musin, nítorí ẹnu Ìyẹn-ńkọ́

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni mo kúrò nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé àjákọ mẹ́ta ló wà nínú báàgì mi, pẹ̀lú àádùn tí ìyàwó mi dì fún mi. Inú àwọn ìwé náà ni mo kọ gbogbo eré tí mo ti rí Ìyẹn-ńkọ́ sí láti kékeré, ti orí ìtàgé àti ti fíìmù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, aláwàdà tí yóò ká ẹnu sí apá òsì, tí yóò wá béèrè pé, "Ìyẹn ńkọ́?" Mo ti kà á dáadáa: ẹnu náà kì í padà sípò àfi tí èèyàn bá ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ó ti tó ọdún méjì tí a ò rí i nínú fíìmù kankan. Ẹni tó ń ta fíìmù lọ́jà wa ló bá mi wá nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúdí. Ìyá ní Bàbá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ náà gan-an ní Surúlérè, tí mo bá fẹ́ rí i kí n kọ́kọ́ máa bọ̀ nílé wọn ní Musin.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni mọ́tò dé Ọ̀ṣọ́dì. Kí a tó dé Ọ̀yọ́, kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé dẹ́rẹ́bà wa ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ẹbí. Láti Ìbàdàn ni ìdí wa ti sinmi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí èèyàn tán. Ní Musin, mo ṣì ń kí mẹkáníìkì kan lọ́wọ́ nígbà tó fi sípánà tọ́ka. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Ìyẹn-ńkọ́ lẹ ń lọ. Ilé aláwọ̀ ewé yẹn ni."

Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè, mo rí ẹnu tó ká. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyẹn ńkọ́, sà?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo kà dé ẹ̀wá. Ẹnu ò padà. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé apá ọ̀tún ló yí sí.

Ìyá Kúdí ní kí n dìde. "Ẹ má wulẹ̀ tijú. Láàárọ̀ tó ṣẹlẹ̀, èmi alára rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń dánra wò ni. Mo fọ gbogbo abọ́ ilé tán kí n tó mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni."

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara. Ẹnu nìkan ló kọ̀. Kò tíì sọ fún àwọn tó pè é síṣẹ́.

Bàbá ní, "Bó bá jẹ́ àìsàn mi ni wọ́n ń rín, a jẹ́ pé mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn."

Èmi àti Bàbá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gba Ojúẹlẹ́gbà. Ọkùnrin kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ rí i, ó di inú mú, ó ní Bàbá fẹ́ fi ẹ̀rín pa àwọn. Bàbá juwọ́ sí i. Kò pẹ́, a dé lókéṣàn, bí àwọn òṣèré ṣe ń pe ibi tí wọ́n bá ti ń ya fíìmù.

Ọ̀dọ́bìnrin ni olùdarí wọn. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó tọ́jú ẹnu náà pa mọ́, kámẹ́rà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Eré náà ni pé Bàbá fẹ́ wá tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ nílé àna. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì sọ nǹkan kan tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má bínú. Ẹnu yìí kì í ṣe eré. Àìsàn ló yí i."

Ẹni tó ń tan iná gbójú sápá kan. Olùdarí rọra ní kí Bàbá jókòó, àwọn lè sún iṣẹ́ náà sí ọjọ́ mìíràn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn yẹn ò ní dé.

Bàbá wá kọjú sí mi. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹnu, báwo ni mo ṣe ń wọlé lórí ìtàgé?"

Mo ṣí báàgì mi. Ìwé kìíní, ojú ewé kejì. Mo ní, "Ẹ̀yìn lẹ fi máa ń wọlé, sà. Ajá kan tí a ò rí máa ń gba fìlà yín níta."

Ó ní, "Mo ti gbàgbé ajá yẹn." Ó bọ́ síta.

Ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ń bẹ ẹni kan níta: "Ẹ̀gbọ́n ajá, ẹ jọ̀ọ́, àna mi ń wò wá." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tún fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ kan. Lójijì ni èjìká rẹ̀ fò síwájú bíi pé ajá náà fà á. Obìnrin tó ń kun òṣèré lójú ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Nígbà tí Bàbá yóò fi yíjú, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ń wò, wọ́n ń wá ajá.

Mo sùn ní Musin. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo padà sílé. Lójú ọ̀nà, mo ronú lé àwọn ìwé mi: ọdún gbọgbọrọ ni mo fi ń kọ nípa ẹnu Bàbá, mo rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wa, mo fi ẹ̀yìn wọlé.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́lá, kí ló ń lé yín bọ̀?"

Mo tún ṣí ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó wá kọjá lára mi, ó lọ yọjú wo ìta.