Èédú Tí Twila Tackett Kò Wà Rí

Orí àga ìta ilé rẹ̀ ni Twila Tackett kú sí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, èémí á há. Nígbà tí a sin ín, ọ̀gágun kan ká àsíá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Denver, ó ní orílẹ̀-èdè ò ní gbàgbé rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wo? Ṣé èyí tó ti gbàgbé rẹ̀ lójú ayé rẹ̀?

Ọkọ̀ epo ni Twila wà fún àwọn ọmọ ogun wa ní Iraq. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn ni wọ́n ti ń dáná sun táyà, ike àti oògùn, tọ̀sán-tòru. Ohùn rẹ̀ ló ń gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó lọ. Nígbà tó padà dé, kò lè kọ orin kan parí.

Ó ní kí ìjọba gbà pé iṣẹ́ ogun ló ba ẹ̀dọ̀fóró òun jẹ́, kí wọ́n lè tọ́jú òun. Wọ́n rán an sí dókítà wọn.

"Báwo ni o?"

"Dáadáa ni, sà."

Kí ni ọmọlúàbí fi ń dáhùn ìkíni? Dókítà kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kò tiẹ̀ gbọ́ àyà rẹ̀.

Wọ́n bá kọ̀ fún un. Twila pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Èsì dókítà wọn dé: eruku èédú ìlú wa ló fà á.

Denver, awakùsà èédú, rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Èmi tí mo wà á, wọ́n ní sìgá ló ba tèmi jẹ́. Ìwọ tí o ò wọ kòtò rí, ìwọ ni wọ́n wá kó eruku mi fún!"

"Búọ̀dá, ẹ wá gba ẹrù yín o!"

Gil Ferrante bá Twila gbé àgọ́ kan náà ní Iraq. Etíkun Florida, níbi tí kò sí èédú, ni wọ́n ti bí i, ìyàwó ló gbé e dé ìlú wa láìpẹ́. Òun náà pẹjọ́. Èsì tirẹ̀? Eruku èédú, gbólóhùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan ò yí padà. Ṣé dókítà ló ń kọ ọ́ ni, àbí wọ́n ti kọ ọ́ tipẹ́, tí wọ́n kàn ń wá orúkọ tí wọ́n á fi sí i?

Twila tún pẹjọ́. Wọ́n ń sún un síwájú ṣáá. Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù rẹ̀ dún: àyè ìgbẹ́jọ́ ti yọ, kó máa bọ̀. Denver ló gbé e, ó ní Twila ti kú.

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹjọ́ náà parí nìyẹn."

Denver ní ṣe ló dà bíi pé ara tu onítọ̀hún.

Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni pa á. Mo kàn ń béèrè ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ bí olùpẹjọ́ bá tètè kú. Ẹ dárúkọ dókítà tó kọ èsì eruku èédú yẹn. Ẹ mú un wá sí gbọ̀ngàn ìlú wa, kó dúró níwájú àwa tí a mọ Twila, kó sọ kòtò èédú tí Twila wọ̀ àti ẹni tí wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Denver á jókòó sílà iwájú. Kò sí ẹni tó wọ kòtò wọ̀nyẹn tí kò mọ̀.