Mọ́tò tó Ń Gbọ́ ti Ará Ilé Kejì

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí irin gbígbóná ń yọ́ kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn atúnrédíòṣe, tí èéfín kékeré yẹn fẹ́ sí mi, ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà ni ọkàn mi ń lọ tààrà, ní ọdún tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lé gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wálé. Ìwọ náà mọ àsìkò yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ wa kan ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, àwọn kan ń ṣègbéyàwó. Èmi ń kan mọ́tò. Kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn ń wọ̀ o. Mọ́tò kékeré tí kò ju páálí bàtà lọ ni, tí màá máa fi rímóòtù darí láti òkèèrè.

Inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì wa tó ti dákẹ́ ni mo ti yọ ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò náà. Agolo bisikíìtì ni mo fi ṣe ara rẹ̀, mo sì gé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì róbótó fún táyà. Rímóòtù àti ohun tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, inú mọ́tò ìṣeré òyìnbó kan tó ti fọ́ ni mo ti rí wọn, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà àlòkù ní Dùgbẹ̀. Bí òkúta rédíò bá kú, mo ń sá a sóòrùn lórí páànù kó lè tún mí díẹ̀. Ìyá mi á wò mí títí, wọn á ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń mú ọkọ wálé, ìwọ ń kan ọkọ̀!"

Ẹ̀fẹ̀ wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn lọ́dún náà. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi. Bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, kò gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè wọn, àwa ọmọ kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi ń bá sọ ọ́ ládùúgbò ni ìyá tó ń gbé lẹ́yìn odi wa, ọmọ Èkìtì bíi tiwọn, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Adìyẹ wa kan ló lọ tú ebè ewébẹ̀ ilé kejì. Ọ̀rọ̀ kan yọ, òmíràn tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn mọ́. Ìyá mi kò ráhùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọn á dúró, wọn á tẹ́tí sí ohùn tó ń ti ẹ̀yìn odi wá. Ó ń dùn mí wọra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé mọ́tò mi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo gbé rímóòtù sórí àga, mo ní kí n lọ mumi. Ìyá mi jókòó, wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Àfi bí mọ́tò ṣe gbéra fúnra rẹ̀, ó yí po, ó sì fi imú gbá àwo ìrẹsì.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyá mi ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó yíjú. "Kí lo kó wọlé yìí? Bí ilẹ̀ bá fi mọ́ bá a níbí, màá dáná sun ún."

Ẹ̀rù bà mí, nítorí ìyá mi kì í dẹ́rù bani lásán. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, mo gbọ́ tí nǹkan ń kùn lẹ́yìn odi, bí ìyẹn bá sì ti kùn, táyà tèmi náà á yí. Mo gorí àga, mo yọjú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ilé kejì rèé, ọ̀gá báńkì tí kì í rẹ́rìn-ín sẹ́nikẹ́ni bí wọ́n bá ti de táì, wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń wa mọ́tò ìṣeré tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá fún ọmọ-ọmọ wọn. Mo tẹ rímóòtù mi. Mọ́tò wọn yà bàrá, ó kọlu garawa.

"Ta ló ń wa mọ́tò mi?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ ń wa tèmi."

Rímóòtù méjèèjì ń sọ̀rọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà nínú afẹ́fẹ́; ẹni yòówù kó tẹ tirẹ̀, mọ́tò méjèèjì ló ń gbọ́. Mo ṣàlàyé títí, ìyá mi ní irọ́ ni, àfi bí àwọn bá fojú ara àwọn rí i. Ni ìyá mi náà bá gorí àga. Bàbá ilé kejì tẹ tiwọn, wọ́n kígbe pé, "Ṣé ó rìn?" Mo kígbe padà pé ó rìn. Ariwo wa ló mú ìyàwó wọn jáde, bí òun àti ìyá mi ṣe kojú ara wọn lórí odi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wo ọkọ wọn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo orí ìyá mi lókè odi, wọ́n sì sọ nǹkan kan ní Èkìtì. Mi ò gbọ́ ọ. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fèsì, ẹ̀gbọ́n tún fèsì, ó di ìtàkùrọ̀sọ. A jẹun pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, a kò lè wa mọ́tò méjèèjì pọ̀. Lójoojúmọ́, ìyá mi á gorí àga: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa sọ fún bàbá kí wọ́n sinmi díẹ̀, ọmọ mi fẹ́ wa tiẹ̀." Èkìtì á gba ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn. Òkúta rédíò mi á kú, wọn ò ní tíì parí.

Nígbà tó yá, atúnrédíòṣe kan ní Agbowó sọ fún mi pé òun lè pààrọ̀ ohun kékeré kan nínú mọ́tò àti rímóòtù mi, kí mọ́tò mi má baà gbọ́ ti ẹlòmíràn mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ẹrù mi padà láìjẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Mo ti kan nǹkan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbà náà, èèyàn sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó àbùkù kan ṣoṣo yẹn. Ìyá mi ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mọ́tò mi lè dúró.