Ọ̀bọ Tí Kò Rí Nǹkan Oṣù Mọ́

"Fọwọ́ kàn mí lọ́rùn wò," ni Màmá wí, mo sì fọwọ́ kàn án. Ọrùn rẹ̀ gbóná bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òógùn ń ṣàn láti etí rẹ̀ wọ inú bùbá, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, tí ara èmi ń gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. "Ooru ọmọ nìyẹn. Ọmọ ló ń dáná nínú ìyá rẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní Borokiri, àdúgbò kan létí omi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni obìnrin náà, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tiwa. Gbogbo ilé ń pè é ní Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ rí, tó sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Àwọn àpò ìrẹsì tó ń ti èbúté wá ni ó máa ń fọ̀, tí á sá, tí á sì lẹ̀ fún títà. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, èmi ni mo ń bá a na àpò gbígbẹ. Eruku á kún imú wa, òórùn ẹrẹ̀ etí omi á sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Ó ní abo ọ̀bọ kan tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Abẹ́ máńgòrò ni ó so ó mọ́, àpò ni ibùsùn rẹ̀, èmi ni mo sì ń pààrọ̀ àpò náà. Lóṣooṣù, mo máa ń rí ẹ̀jẹ̀ tótòtó níbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sunkún. Màmá ní, "Má sunkún. Bó ṣe ń ṣe àwa obìnrin nìyẹn. Bí kò bá wá mọ́, oyún ti dé."

Nígbà tó yá, n kò rí ẹ̀jẹ̀ lórí àpò mọ́. Akọ ọ̀bọ aládùúgbò wa kan sì máa ń já okùn wá bá a. Mo sáré lọ sọ fún Màmá. Ó ju àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbá mi mọ́ra. "Èmi náà! Ó ti di oṣù mẹ́rin tí n kò ti rí tèmi!"

Lọ́jọ́ kejì, ó fi píìnì kọ́ ìró rẹ̀ níbi ikùn, bí àwọn aboyún ilé wa ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó jáde sínú oòrùn ọ̀sán, kí ohun burúkú má baà wọlé bá ọmọ. Ó fi òmíràn kọ́ okùn ọ̀bọ. Obìnrin Kalabari tó ń ta ẹja níwájú ilé pariwo bi í bóyá oyún ti dé: "Mama, belle don enter?"

"E don enter o! You go carry am tire!" Màmá ń sọ fún un pé ó ti dé, pé yóò gbé ọmọ náà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká dé ọsibítù, Màmá."

"Kí n lọ yẹ ohun tí Ọlọ́run ṣe wò? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Oṣù ń gorí oṣù. Irun ọ̀bọ ń re, ikùn rẹ̀ ò sì yọ. Ìgbà mìíràn á dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, á máa mí gúlegúle. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ ọ́ bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ìbéèrè ní kíláàsì: "Màmá, ọ̀bọ ò lóyún o. Ó ti darúgbó ni."

Ó wo ọ̀bọ náà títí. Ó tú píìnì ara okùn, ó tú ti ara rẹ̀. "Máa lọ bá ìyá rẹ," ni ó wí. Kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ bú mi, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pè mí wá na àpò mọ́.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọ̀bọ kú. Màmá sin ín fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má lọ. Màmá ní, "Ẹ ò rí i ni? Ọ̀nà kan náà ni èmi àti ọ̀bọ ń tọ̀. Ilé ni kí n lọ kú sí." Ọdún kejì la gbọ́ pé ó ti kú lóòótọ́, wọ́n ní kò ṣàìsàn kankan, ó kàn kọ oúnjẹ ni.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì. Olùkọ́ wa sọ pé ẹyin inú abo ọ̀bọ a máa tán bíi ti obìnrin, nǹkan oṣù rẹ̀ a sì dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wò ó láti mọ ohun tó ń ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n yàtọ̀ níbì kan: ìgbẹ̀yìn ayé ọ̀bọ ni èyí máa ń dé bá a, kì í sì í pẹ́ láyé mọ́. Obìnrin ní tirẹ̀ ṣì ní ọdún gbọọrọ níwájú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi gbé kálàmù tèmi sílẹ̀.

Mo ti gba iṣẹ́ báyìí, mo ń gbé ní Eneka, síbẹ̀ ẹ̀rù ẹnu ara mi ṣì ń bà mí. Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ìdajì péré ni mo mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì sọ ọ́ sókè. Ìdajì tó kù, pé ọdún obìnrin ṣì pọ̀ níwájú, ni ì bá dá Màmá dúró.